Ọmọ mi béèrè: báwo ni ọmọdé ṣe la àgọ́ Hitler já?

ÌyáFèyí_Leeds · Ọjọ́bọ̀, aago 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti owó ilé ìwé la sábà máa ń sọ níbí, ṣùgbọ́n ẹ bá mi dá sí èyí.

Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ti ilé ìwé dé lánàá, kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Wọ́n sọ ìtàn Mala Tribich fún wọn ní kíláàsì. Ọmọ Júù ni, Póláǹdì ni wọ́n ti bí i ní 1930. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí àwọn Násì, ìyẹn àwọn èèyàn Hitler, sé òun àti ẹbí rẹ̀ mọ́ àdúgbò kan. Ó la àgọ́ méjì já kó tó di pé ó dé ìlú Gẹ̀ẹ́sì níbí. Ìyá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, Lusia, ọmọ ọdún mẹ́jọ, wọ́n yìnbọn pa wọ́n nínú igbó.

Ó wá bi mí pé, "Mọ́mì, ṣebí wọ́n ń pa àwọn ọmọdé, báwo ni wọn ò ṣe pa òun?" Mo ní Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ó wò mí, ó ní, "Ṣé Ọlọ́run ò wá rí Lusia ni?"

Mo ní kó lọ fọ abọ́. Ojú ń tì mí láti ìgbà yẹn. Ẹni tó bá mọ ìtàn yìí dáadáa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an fún mi. Mi ò fẹ́ ìwàásù.

Adé_Òṣogbo · aago 9:31 alẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. "Ogun Hitler" ni bàbá àgbà wa máa ń pè é. Wọ́n kó òun lọ sí Boma, àwọn ará Japan ló bá jà níbẹ̀, kò fojú kan ọmọ Jámánì títí ogun fi parí. Ọ̀rọ̀ àwọn Júù, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá rí. Mo ti jókòó o. Tísà dà?

Tísà_Òkèàdó · aago 10:02 alẹ́

Tísà ti dé. Ìyá Fèyí, ẹ kú ìrọ́jú. Ìbéèrè ọmọ yín le ju èyí tí wọ́n ń bi wá nínú ìdánwò lọ.

Ìlú tí Mala ti wá ń jẹ́ Piotrków Trybunalski. (Ẹ má wulẹ̀ gbìyànjú láti pè é tí ẹ ò bá tíì jẹun.) Ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án 1939 ni Jámánì ya wọ Póláǹdì. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá, wọ́n ti ní kí gbogbo Júù ìlú náà kó lọ sí apá ibì kan, èyí tí wọ́n ń pè ní gẹ́tò. Òun ni gẹ́tò àkọ́kọ́ tí àwọn Násì dá sílẹ̀ ní Póláǹdì. Wọ́n kó èèyàn láti àwọn ìlú mìíràn kún wọn, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 28,000. Bàbá Mala ní ilé ìlọ̀yẹ̀fun kí ogun tó dé, òun ló wá ń ṣe fàyàwọ́ ìyẹ̀fun wọ inú gẹ́tò kí ẹbí lè rí nǹkan jẹ. Bí wọ́n bá mú un, ikú ni.

Ní oṣù kẹwàá 1942, láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan péré, wọ́n kó èèyàn bí 22,000 sínú ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù, ó di Treblinka. Treblinka kì í ṣe àgọ́ tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ o. Èéfín olóró ni wọ́n fi ń pa èèyàn níbẹ̀, ẹni tó bá débẹ̀ láàárọ̀ kì í sábà rí ìrọ̀lẹ́. Àwọn bí 2,000 tí wọ́n ṣẹ́ kù sí Piotrków lábẹ́ òfin, àwọn tó ní káàdì iṣẹ́ ni.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Mala ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan, Ben Helfgott. Kò tíì pé ọdún mẹ́tàlá nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́ ní Hortensja, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe dígí. Ọmọ tó bá ń ṣiṣẹ́ fún Jámánì, irinṣẹ́ ni lójú wọn. Ọmọ tí kò bá lè ṣiṣẹ́, ajẹunjókòó ni. Lusia jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ta ni yóò fún un ní káàdì?

Àwọn tí kò ní káàdì, tí wọ́n ń sá pamọ́, wọ́n ń ṣọdẹ wọn láti ilé dé ilé. Wọ́n kó àwọn tó lé ní 500 mọ́ inú sínágọ́gù ìlú náà. Ní ọjọ́ 20 oṣù kejìlá 1942, wọ́n kó wọn lọ sí igbó Raków, wọ́n yìnbọn pa wọ́n. Lusia àti ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀. Lónìí, ilé ìkàwé ni wọ́n fi sínágọ́gù yẹn ṣe.

ÌyáFèyí_Leeds · aago 10:20 alẹ́

Tísà, ẹ ṣeun. Mo ka ibi Lusia yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n Mala fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ọmọ ọdún méjìlá lòun náà. Ṣé káàdì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni?

Tísà_Òkèàdó · aago 10:58 alẹ́

Kò sí nígbà yẹn. Kó tó di pé àwọn Násì kó àwọn èèyàn lọ Treblinka, ẹbí rẹ̀ ti bá àwọn Kristẹni kan ṣàdéhùn owó pé kí wọ́n fi òun àti ọmọ ìbátan rẹ̀ obìnrin kan pa mọ́ ní Częstochowa. Kó má ṣe bí ọmọ Júù. Kó dáhùn sí orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí àlejò bá dé, ọmọ ẹbí tó wá kí wọn ni. Àárò ilé ń sọ ọmọ ìbátan náà gidigidi, ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun lọ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ òbí òun. Ó kúrò níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò tún rí i mọ́ títí dòní. Mala ní tirẹ̀ padà sínú gẹ́tò.

Nígbà tó yá, wọ́n tún wá kó èèyàn. Mala ti wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n fẹ́ kó lọ. Ó jáde kúrò lórí ìlà, ó lọ bá ọ̀gá àwọn sójà náà, ó ní wọ́n ti yà òun nípa sí bàbá òun àti ẹ̀gbọ́n òun, kó jẹ́ kóun padà sọ́dọ̀ wọn. Ẹ fojú inú wò ó, ọmọ bíi Fèyí, níwájú ẹni tó ń rán èèyàn lọ sọ́run. Ẹnu ya ọkùnrin náà, ó ní kó máa lọ. Bó ṣe ń padà, ó rí ọmọ ìbátan rẹ̀ mìíràn, ọmọ kékeré tí ọjọ́ orí rẹ̀ ò ju márùn-ún lọ. Ó kọ̀, kò gbẹ́sẹ̀ níbẹ̀ àfi tí ọmọ yẹn bá tẹ̀ lé òun. Ẹ̀ṣọ́ tó ń mú un lọ kọ́kọ́ kọ̀, nígbà tó ṣe, ó gbà.

Láti ìgbà yẹn, ìyá ọmọ ni Mala. Ó ń ṣiṣẹ́ bí ẹrú nílé iṣẹ́ pákó, ó sì ń tọ́mọ. Nígbà tí 1944 ń parí lọ, wọ́n kó àwọn obìnrin lọ sí àgọ́ Ravensbrück. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gba aṣọ ara wọn, tí wọ́n fá wọn lórí. Láti ibẹ̀, ó di àgọ́ kejì, Bergen-Belsen.

Ní Belsen, kò sí oúnjẹ, kò sí omi, òkú wà nílẹ̀ bí igi ìdáná. Dókítà kan tí òun náà jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n, Hadassah Bimko, pẹ̀lú àwọn nọ́ọ̀sì díẹ̀, ti ṣa àwọn ọmọ tí kò ní ìyá jọ sí ilé kan. Wọ́n gba àwọn méjèèjì síbẹ̀. Ibà typhus, èyí tí iná aṣọ máa ń kó ranni, wá dá Mala wó. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin 1945, ó ń wo ojú fèrèsé láti orí bẹ́ẹ̀dì, ó rí àwọn èèyàn tí wọ́n ń sáré. Ohun tó máa ń sọ ni pé kì í ṣe ayọ̀ ló kọ́kọ́ wá sọ́kàn òun. Ó ń ṣe òun ní kàyéfì pé ibo ni wọ́n ti rí agbára sáré. Àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì ló dé.

Ọ̀gá_Mushin · aago 11:10 alẹ́

Ẹ má bínú o, kí ló kan ọmọ Yorùbá nínú gbogbo èyí? Òyìnbó ń pa òyìnbó, ọ̀rọ̀ ọdún ọgọ́rin. Iná ò sí ládùúgbò mi láti ọjọ́ Ajé. Ẹ jẹ́ ká sunkún tiwa.

Kẹ́mi_AlùpùpùLóńdọ̀nù · aago 11:47 alẹ́

Bọ̀dá Mushin, ẹ kú ìfaradà iná. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe kàn mí.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni mo ń ṣe níbí. Ilé tí mo wà, Júù pọ̀ níbẹ̀. Bàbá kan wà tó máa ń pè mí ní "ọmọ mi". Ara rẹ̀ mọ́, aṣọ rẹ̀ máa ń mọ́ ju tèmi lọ. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ tún yàrá rẹ̀ ṣe, mo ṣí dúrọ́ọ̀ ìbọ̀sẹ̀, mo bá búrẹ́dì níbẹ̀. Ègé mẹ́ta, ó fi tíṣù wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ti hu. Kí ni ẹ̀yin ì bá ṣe? Mo kó o dànù. Mo nu dúrọ́ọ̀ náà, mo tún fi òórùn dídùn sí i. Inú mi dùn sí ara mi.

Lóru ọjọ́ yẹn, aago méjì, bàbá ń wá nǹkan. Ó tú dúrọ́ọ̀, ó tú bẹ́ẹ̀dì, ó kúnlẹ̀ ń fọwọ́ wá abẹ́ àga. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò pè mí lọ́mọ mi. Èdè tí mi ò gbọ́ ló ń sọ, ó sì ń gbọ̀n. Títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ọmọ rẹ̀ ló wá ṣàlàyé fún mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni bàbá nígbà tí wọ́n tú wọn sílẹ̀. Ó jẹun yó láti ìgbà yẹn, ó ṣòwò, ó kọ́lé, ó ní ọmọ-ọmọ. Kò sùn rí kí búrẹ́dì má sí nítòsí rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ bá a fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí obìnrin náà fi kú.

Báyìí, bí mo bá wọṣẹ́ lálẹ́, ègé méjì ni mo máa ń gé, màá dì í sínú ọ̀rá, màá gbé e sórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì níbi tí ojú rẹ̀ á ti tó o. Láàárọ̀, mà á pààrọ̀ rẹ̀. Kì í jẹ ẹ́.

Bó ṣe kàn mí nìyẹn, bọ̀dá.

Adé_Òṣogbo · aago 11:55 alẹ́

Àǹtí Kẹ́mi, mi ò ní lè sùn báyìí o.

ỌmọAkin_Ìlọrin · Ọjọ́ Ẹtì, aago 6:40 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ gbogbo ilé. Mo ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí lórí èyí ní yunifásítì, ẹ jẹ́ kí n fi kún ti Tísà. Ìlú Piotrków yẹn kan náà ni Israel Meir Lau ti wá, Lulek ni wọ́n ń pè é nílé. 1937 ni wọ́n bí i, bàbá rẹ̀ ni rábì ìlú náà, Treblinka ni wọ́n pa bàbá sí. Nígbà tí wọ́n ń ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin ní 1944, ìyá rẹ̀ ti mú un lọ́wọ́ dání. Lójijì ló tì í sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Naphtali, tó ti tó géńdé. Ìyá yẹn ti wò ó pé ọ̀nà àwọn òṣìṣẹ́ ló sàn díẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kú sí Ravensbrück. Lulek máa ń sọ pé fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni pé ìyá òun kọ òun ló ṣe rí lára òun.

Nígbà tí wọ́n dé àgọ́ Buchenwald, Naphtali gbé àbúrò rẹ̀ sínú àpò, ó gbé e kọ́ ẹ̀yìn bí ẹrù. Ọmọ ọdún méje. Nígbà tó yá, ó bọ́ sí ilé tí wọ́n kó àwọn ará Rọ́ṣíà sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan níbẹ̀, Fyodor, sọ ọ́ di àbúrò rẹ̀. Ó ń jí ọ̀dùnkún sè fún un, ó sì hun ohun ìbotí fún un nítorí òtútù.

Lọ́jọ́ tí àwọn sójà Amẹ́ríkà dé, 11 oṣù kẹrin 1945, rábì kan tó wà pẹ̀lú wọn, Herschel Schacter, rí i lẹ́yìn òkìtì òkú. Ó gbé e mọ́ra, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́. Lulek dá a lóhùn pé òun dàgbà jù ú lọ, nítorí pé rábì náà ṣì ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé, ṣùgbọ́n òun Lulek kò rẹ́rìn-ín mọ́, kò sì sunkún mọ́.

Ní 1993, ó di olórí àwọn rábì Ashkenazi (àwọn Júù tó ti Yúróòpù wá) ní Ísírẹ́lì.

ỌmọAkin_Ìlọrin · aago 6:52 àárọ̀

Mo gbàgbé ọ̀kan. Ní Buchenwald yìí kan náà, ilé kẹrìndínláàádọ́rin (66) wà, tí wọ́n kó àwọn ọmọkùnrin sí. Ẹlẹ́wọ̀n ará Czech kan ló ń bojú tó o, Antonín Kalina, kọ́múnísì ni, kì í ṣe Júù. Apá ìsàlẹ̀ àgọ́, níbi tí ẹrẹ̀ àti àrùn pọ̀ sí, ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yàn, torí àwọn ẹ̀ṣọ́ ń bẹ̀rù àrùn, wọn kì í fẹ́ débẹ̀. Àwọn ọmọ ò ní láti jáde sínú yìnyín lọ dúró kí wọ́n máa kà wọ́n, inú ilé ni wọ́n ti ń kà wọ́n. Nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo Júù jáde ní oṣù kẹrin 1945, Kalina ní kò sí Júù nínú ilé òun. Àwọn ọmọkùnrin tó yè síbẹ̀ tó 900.

SèyíTọ̀_Bàdágìrì · aago 7:30 àárọ̀

Ìbéèrè kan, ẹ má pè mí ní òpè. Mo rò pé gbogbo wọn ló ní nọ́ńbà lápá? Àǹtí Kẹ́mi, bàbá yẹn ní?

Kẹ́mi_AlùpùpùLóńdọ̀nù · aago 7:48 àárọ̀

Kò ní. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àgọ́ Auschwitz nìkan ni wọ́n ti ń fín nọ́ńbà sára èèyàn, àwọn tí wọ́n bá sì gbà wọlé fún iṣẹ́ ni. Ìyá tó bọ́ọ̀lẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú ọmọ ọwọ́, ta ló fẹ́ fín nọ́ńbà sí i lára? Tààrà sí ikú ni wọ́n ń lọ.

Tísà_Òkèàdó · aago 9:15 àárọ̀

Kẹ́mi ti sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó ti pẹ́ níbẹ̀ fi máa ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sétí àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ọ̀lẹ̀ pé kí wọ́n bu ọjọ́ orí kún tiwọn. Elie Wiesel, tó gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà ní 1986, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni nígbà tó dé Auschwitz, wọ́n ní kó sọ pé méjìdínlógún lòun. Láyé tiwa, ọmọ á máa parọ́ kó lè wọ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù. Níbẹ̀, ẹ̀mí ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ti Ben ṣe parí. Láti àgọ́ Buchenwald dé Schlieben, ó di Theresienstadt ní ilẹ̀ Czech. Ibẹ̀ ni òmìnira ti bá a ní oṣù karùn-ún 1945. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ó ń retí bàbá rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi gbọ́ pé wọ́n ti yìnbọn pa bàbá nígbà tó gbìyànjú láti sá nígbà ìrìn ikú (wọ́n ń fipá mú àwọn ẹlẹ́wọ̀n rìn títí wọ́n fi ń kú), ọjọ́ díẹ̀ péré ló kù kí ogun parí.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní kí wọ́n kó 1,000 ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìndínlógún wá. Wọ́n wá, wọ́n wá, 732 ni wọ́n rí. Ẹ tún ọ̀rọ̀ yẹn kà. Nínú 732 yẹn, bí 80 péré ni obìnrin, ìdí tí wọ́n fi ń pe gbogbo wọn ní "àwọn ọmọkùnrin" títí dòní nìyẹn. Ní oṣù kẹjọ 1945, ọkọ̀ òfurufú tí wọ́n fi ń ju bọ́ǹbù tẹ́lẹ̀ ló gbé 300 àkọ́kọ́ láti Prague dé ìtòsí Carlisle. Wọ́n kó wọn lọ sí ẹ̀bá adágún Windermere. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní bẹ́ẹ̀dì, aṣọ ìtẹ́bùsùn funfun lórí rẹ̀. Wọ́n gbé búrẹ́dì sórí tábìlì. Kí olùtọ́jú tó ṣẹ́jú, tábìlì ti ṣófo. Wọ́n ti kó o lọ sábẹ́ ibùsùn. Wọ́n ń tún gbé e wá, wọ́n ń tún kó o lọ, títí ó fi yé àwọn ọmọ pé ọ̀la náà yóò wà.

Ọ̀gá_Mushin · aago 10:40 àárọ̀

Iná ti dé. Mo ka gbogbo rẹ̀. Àbúrò Kẹ́mi, má bínú sí mi lánàá.

Mo lọ wo orúkọ Ben Helfgott yìí. Ṣé òun náà ló gbé irin wúwo fún Gẹ̀ẹ́sì ní Òlíńpíìkì? Èmi náà gbé irin nígbà ọ̀dọ́ mi ní Surulere, ìdí nìyẹn tí mo fi bèèrè.

Tísà_Òkèàdó · aago 11:05 àárọ̀

Òun ni, Ọ̀gá. Melbourne 1956, Rome 1960, balógun ẹgbẹ́ wọn ló jẹ́. Ọmọ tó kú díẹ̀ kí ebi pa ní ọdún mọ́kànlá ṣáájú Melbourne. Wọ́n fi oyè dá a lọ́lá ní 2018, ó kú ní 2023. Mala dé láti Swídìnì wá bá a ní 1947. Àwọn méjèèjì nìkan ló kù nínú ilé wọn.

ÌyáFèyí_Leeds · aago 8:26 alẹ́

Mo ti kà á fún un. Mi ò fo nǹkan kan, àyàfi ọ̀rọ̀ òkú tó dà bí igi ìdáná.

Mo ní, "Lánàá mo sọ pé Ọlọ́run ló yọ ọ́, nítorí mi ò mọ nǹkan tí mo lè sọ." Mo wá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ káàdì iṣẹ́. Ó dákẹ́ títí. Ó bi mí pé, tí wọ́n bá jẹ́ ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n máa ń fún wọn ní káàdì. Mo ní bíi méjìlá, nígbà mìíràn kò tó bẹ́ẹ̀, bí ara bá le. Ó ní òun máa pé méjìlá ní oṣù kẹjọ. Ó wá yíjú sí Tóbi tó ń wo kàtúùnù nílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Tóbi.

Kò sọ nǹkan kan, èmi náà ò sọ. Ṣùgbọ́n ó jẹun lálẹ́ yìí. Ẹ ṣé o. Àǹtí Kẹ́mi, ó ní kí n bi yín, ṣé bàbá yẹn ṣì wà?

Kẹ́mi_AlùpùpùLóńdọ̀nù · aago 8:41 alẹ́

Ó wà o, ẹ bá mi kí i. Ọ̀nà ibi iṣẹ́ ni mo wà báyìí. Wọ́n ní búrẹ́dì funfun tán ní kíṣìnì, aláwọ̀ pupa yẹn nìkan ló kù, bàbá kì í fẹ́ fojú rí i. Màá yà ní ṣọ́ọ̀bù kan ná.